Ọdún Ẹ̀jẹ̀ kọ́, Ọdún Ẹ̀jẹ́ ni

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Arákùnrin tí ó kọ̀wé lánàá pe Thaipusam, ọdún tí àwọn Tamil, ẹ̀yà kan tí orírun wọn wà ní gúúsù India, fi ń bọ òrìṣà wọn Murugan, ní "Ọdún Ẹlẹ́jẹ̀", ó ní nítorí pé wọ́n ń gún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí pé ohùn tí ó ṣì yẹn, tí ó sọ ẹ̀jẹ́ di ẹ̀jẹ̀, ni ó gbé gbogbo ìtumọ̀ lọ.

Nígbà tí mo ń kàwé ní Malaysia, mo lọ wo ọdún náà ní Batu Caves lẹ́bàá Kuala Lumpur. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn 272 tí wọ́n ń gùn wọ inú ihò àpáta, ọkùnrin kan yọ ahọ́n síta níṣojú mi, wọ́n fi eérú mímọ́ ra ahọ́n náà, wọ́n sì ki ọ̀kọ̀ fàdákà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ bọ̀ ọ́, bí àwọn ará ilé rẹ̀ ti ń ké "Vel! Vel!", ìyẹn ọ̀kọ̀ tí Parvati fún Murugan ọmọ rẹ̀. Mo tẹjú mọ́ ahọ́n náà títí, ẹ̀jẹ̀ kò kán. Ìyàwó rẹ̀ ni ó sọ fún mi pé ọmọ wọn ṣàìsàn, bàbá sì jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ti ń gbààwẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó wá san án.

Bí ọ̀rẹ́ ti ń di ọlọ́rẹ̀ẹ́ ni ẹ̀jẹ́ ń di ẹlẹ́jẹ̀ẹ́; Ọdún Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ni ó yẹ kí a pè é. Ìyá mi àgbà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n bí ó bá ní obìnrin kan lọ san ẹ̀jẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀ṣun, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ẹ̀jẹ̀.

Ní ti "arukàfádì" tí ìyá wa kan dábàá pé kí a máa pe àwọn tí ń ru kavadi nínú ọdún náà, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹrù tí a gbé kọ́ ọ̀pá sí èjìká ni kavadi, bí Idumban ti fi ọ̀pá ru òkè méjì nínú ìtàn wọn. Ìkòkò wàrà nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wọn tilẹ̀ ń rù, bí arugbá wa ti ń ru igbá.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "gún" tí arákùnrin náà lò fún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò tíì tán nínú mi. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tí a ń gún gbè é lẹ́yìn, kí ó kọ́kọ́ sọ ìdí tí a fi ń lu etí ọmọbìnrin, tí a kì í gún un.