Ajá kékeré tí ọmọ mi fi sílẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù: kí ni kí n máa fún un jẹ?

Ìyá Déjì, Ìbàdàn
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lóṣù kẹta, ajá rẹ̀ ló fà lé mi lọ́wọ́. Lúlù lorúkọ rẹ̀, abo ni, Lhasa Apso ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, ajá kékeré onírun gígùn, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kò ju kílò 6 lọ, irun ara rẹ̀ sì ń gbálẹ̀ bí agọ̀ eégún. Èmi tí mo fi ọdún 35 kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní síkúùlù, ajá ni mo wá ń tọ́ lọ́jọ́ alẹ́.

Déjì fi àpò oúnjẹ ajá kan sílẹ̀, ó ní kí n máa bu ife kékeré kan fún un láàárọ̀, kí n bu òmíràn lálẹ́. Àpò náà tán. Mo débi tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n dá iye rẹ̀ fún mi, mo rò pé àpò ìrẹsì ni wọ́n rò pé mo bèèrè. Mo bá yí padà sílé. Láti ìgbà náà, ohun tí mo bá jẹ lòun náà ń jẹ: ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín láàárọ̀, àmàlà ọlọ́bẹ̀ nígbà míì, egungun adìyẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó fẹ́ràn mọ́ínmọ́ín débi pé tí mo bá ti ń rẹ ẹ̀wà báyìí, ó ti wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n ó ti tó ọjọ́ márùn-ún tó ti ń sùn ṣáá. Ẹni yòówù kó kan ilẹ̀kùn, kò gbó mọ́. Ó ń họ ara. Láàárọ̀ yìí, ó tọ̀ sórí táìlì, ìtọ̀ náà pọ́n bí omi sobo. Ṣé oúnjẹ ni, àbí ooru? Alaalẹ́ ni Déjì ń pè lórí fídíò láti rí i, mo sì ń sọ fún un pé ó ń sùn. Mi ò kúkú purọ́.

Bàbá Ọlọ́jà, Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá Déjì, ẹ fọkàn balẹ̀. Bàbá mi ní ajá kan nígbà tí a wà ní kékeré, Tanímọ̀la ni wọ́n sọ ọ́ nítorí ará ilé kan tó ń fojú di wọ́n. Bí wọ́n bá ti pe ajá, ẹni tí wọ́n ń bá wí ti gbọ́. Ẹ̀bà àti egungun ni Tanímọ̀la ń jẹ, kò mọ dókítà kankan, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá kó tó kú. Àkẹ́jù ló ń ba àwọn ajá yín jẹ́. Ẹ fún un ní epo pupa ṣíbí kan, kí ẹ fi kẹrosíìnì pa ibi tó ń họ.

Ọmọ Oǹdó
Kílò 6? Lọ́dọ̀ wa, ìyẹn ò tó ọbẹ̀ ẹni méjì. Àwàdà ni o, ẹ má yọ mí kúrò ní gúrúùpù.

Àǹtí Rónkẹ́, Òṣogbo
Ọmọ Oǹdó, lọ jókòó sí kọ̀rọ̀ kan.
Ìyá Déjì mà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń lọ àlùbọ́sà mọ́ mọ́ínmọ́ín yẹn?

Ìyá Déjì
Ta ló ń se mọ́ínmọ́ín láìsí àlùbọ́sà? Tàtàṣé, rodo, àlùbọ́sà ńlá méjì. Ọmọ aráyé ni mí.

Àǹtí Rónkẹ́, Òṣogbo
Mà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà mí. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń sin irú ajá yìí, n kì í jẹ́ kí àlùbọ́sà kan ẹnu wọn. Ìbá à jẹ́ tútù, ìbá à jẹ́ sísè, ìbá à jẹ́ gbígbẹ tí wọ́n lọ̀, ó ń ba ẹ̀jẹ̀ pupa inú ara ajá jẹ́. Ááyù náà, ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ajá á jẹ ẹ́ lónìí, á máa ṣeré, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Èyí tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ò yọ nínú ewu, nítorí ó ń kóra jọ sí i lára ni.

Ẹ gbé ètè rẹ̀ sókè nísinsìnyí kí ẹ wo erìgì rẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n bíi ti èèyàn. Tó bá ti ṣì, tó funfun bí ẹ̀kọ yẹn, ẹ má tún dúró de ìmọ̀ràn kankan níbí.

Egungun adìyẹ náà, ẹ jọ̀ọ́ mà. Tí iná bá ti kan án, ńṣe ló ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó, ó lè gún ìfun. Ṣokoléètì ńkọ́, èso àjàrà, ṣingọ́ọ̀mù tí wọ́n kọ sí lára pé kò ní ṣúgà? Kí ó má kan èyíkéyìí.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko, Abẹ́òkúta
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bàbá Ọlọ́jà, ẹ foríjì mí, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi kẹrosíìnì pa ajá lára. Ó ń bó awọ ara, ajá yóò sì tún lá a wọnú. Ọ̀tapíápíá tí àwọn kan ń wọ́n sí ajá lára burú jùyẹn lọ, mo ti rí èyí tó pa.

Ìyá Déjì mà, mi ò yọ àlùbọ́sà kúrò, ṣùgbọ́n ẹ ní ó ń họ ara. Ẹ fi ọwọ́ tú irun rẹ̀ wò dáadáa: inú etí, abíyá, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Eégbọn ni kí ẹ máa wá. Nínú ajá onírun gígùn, ó lè jókòó síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ má rí i. Eégbọn máa ń gbé kòkòrò kan wọnú ẹ̀jẹ̀ ajá, kòkòrò náà á máa fọ́ ẹ̀jẹ̀ pupa, ìtọ̀ á sì pọ́n. Bí ẹ ṣe rí i yìí, àrùn eégbọn àti májèlé àlùbọ́sà jọra lójú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìbàdàn lẹ wà, ilé ìwòsàn ẹranko ti Yunifásítì Ìbàdàn wà nítòsí, àwọn dókítà aládàáni náà sì wà. Kí ilẹ̀ mọ́ bá yín lọ́nà. Bó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lóru, ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání, kí wọ́n wò ó bóyá abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ti ọdún yìí ti kọjá àkókò.

Bàbá Ọlọ́jà, Ògbómọ̀ṣọ́
Mo gbọ́. Ajá ìwòyí ló mọ ehoro ìwòyí lé. Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la jẹ ọbẹ̀ alálùbọ́sà láyé rẹ̀, ojú mi ló ṣe.

Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹranko, Abẹ́òkúta
Bàbá, kílò mélòó ni Tanímọ̀la? Ajá ilé wa á máa tó kílò 15, òmíràn á tó 20. Àlùbọ́sà tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ìkòkò ò tó nǹkan lára ìyẹn. Lúlù tó jẹ́ kílò 6, àlùbọ́sà kan ṣoṣo tí kò tóbi tí kò kéré lè ṣe é léṣe.

Bàbá Ọlọ́jà, Ògbómọ̀ṣọ́
Ṣé a máa ń gbé ajá sórí òṣùwọ̀n nígbà yẹn ni? Ó dáa, mo ti gbà.

Ìyá Déjì
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣé o. Ọjọ́ kejì tí a sọ̀rọ̀ ni mo gbé e lọ. Erìgì rẹ̀ ti funfun lóòótọ́. Eégbọn 17 ni wọ́n yọ lára rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, ìyẹn tí mo ń pè ní eéwo kékeré. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ sí ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, ohun tó yẹ kó jẹ́ sì wà láàárín 37 sí 55. Wọ́n rí kòkòrò eégbọn nínú rẹ̀. Mo jẹ́wọ́ mọ́ínmọ́ín fún dókítà, obìnrin ni, ó wò mí títí. Ó ní àwọn méjèèjì ló jọ ń fa ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀, òun ò lè pín ẹ̀bi fún wọn. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n fún mi ní kápúsù tí n óò máa lò fún un fún ọjọ́ 28.

Mo sọ òótọ́ fún Déjì. Ó dákẹ́, ó wá ní, “Mọ́mì, ẹ fún Lúlù ní mọ́ínmọ́ín?” Bí ẹni pé mo fún un ní ọtí.

Ó ti ń gbó díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ owó àpò yẹn ò tíì wálẹ̀ o. Kí ni n óò máa sè?

Àǹtí Rónkẹ́, Òṣogbo
Ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Mà, ẹ kò nílò odindi àpò. Wọ́n ń wọ̀n ọ́n ní kílò kílò ní ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ adìyẹ, ẹ kàn rí i pé kò tíì hu, kò sì ṣí sílẹ̀ fún eku. Ẹ máa dà á pọ̀ mọ́ ti ilé.

Ti ilé ò le. Ẹ ti bọ ẹran adìyẹ lórí iná fún ọbẹ̀ tiyín, àbí? Kí ẹ tó gé àlùbọ́sà sí i, kí ẹ tó ju magí àti iyọ̀ sí i, ẹ bu ti Lúlù sọ́tọ̀. Gbogbo ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ìkòkò kan náà ni. Ẹ yọ egungun rẹ̀, ẹ fi ìrẹsì díẹ̀ sí i, kárọ́ọ̀tì tàbí elégédé tó ti rọ̀. Ẹ̀dọ̀ adìyẹ dáa fún un, ẹyọ kékeré kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ tó fún àgbà ajá. Ọmọ ajá ló ń jẹ ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, nítorí àwọn kékeré wọ̀nyí, tí ebi bá pa wọ́n pẹ́ jù, ṣúgà ara wọn á já wálẹ̀, wọ́n á dákú. Tó bá jẹ́ oúnjẹ ilé nìkan lẹ fẹ́ máa fún un, ẹ bi dókítà nípa kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ẹran àti ìrẹsì ò ní in tó.

Ẹ rẹ́ irun yẹn mọ́lẹ̀. Ooru Ìbàdàn kì í ṣe ti orí òkè Tibet tí wọ́n ti wá. Ẹ ó máa rí eégbọn kíákíá pẹ̀lú. Tí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ má fi èékánná pa á, ẹ fi ẹ̀mú yọ ọ́ láti ìdí, ẹ jù ú sínú spirit. Kí ẹ da omi gbígbóná sí aṣọ tó ń sùn lé, nítorí eégbọn tó bá ti mu ẹ̀jẹ̀ yó ń gun ògiri lọ yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin síbi tó bá sán lára rẹ̀. Ìwẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta tó, ọṣẹ ajá ni o, kì í ṣe Dettol.

Ọmọ Oǹdó
Ẹ kú ìtọ́jú, Mọ́mì. Lúlù á dàgbà, á sanra.

Àǹtí Rónkẹ́, Òṣogbo
Kí ló dé tí o fi ń tẹnu mọ́ sísanra?

Ìyá Déjì
Mo se mọ́ínmọ́ín lónìí. Mo kọ́kọ́ bu ẹ̀wà lílọ̀ sọ́tọ̀ kí n tó fi nǹkankan sí i, mo dà á sínú agolo mílíìkì kékeré fún Lúlù: kò ní àlùbọ́sà, kò ní ata, kò níyọ̀. Mo jẹ́ kó tutù fún un, mo gbé e kalẹ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó wo ojú mi, ó sì lọ jókòó sídìí àwo tèmi.