Ààwẹ̀ Àráfà: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ìyá Ẹlẹ́kọ, Àjàṣẹ́:
Ẹ̀kọ àti ata díndín ni mò ń tà lọ́jà Ouando. Ẹni tó bá mọ ọjà yẹn mọ̀ pé tí Iléyá bá ti ku ọ̀la, ẹsẹ̀ kì í gbèrò. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni Àráfà, ọjọ́ 9 oṣù Dhul-Hijja. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ní n ó gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà. Àfáà ti sọ fún wa pé Ànábì ní Ọlọ́hun ń fi pa ẹ̀ṣẹ̀ ọdún tó kọjá àti tọdún tó ń bọ̀ rẹ́. Ọdún méjì fún ààwẹ̀ ọjọ́ kan! Èmi oníṣòwò, mo mọ èrè.

Mo jẹ sààrì, mo dáná. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́wàá, oníbàárà ti tò. Mo ń ro ata lọ́wọ́, mo bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, mo gbé e mì. Iyọ̀ dọ́gba. Àfi bí ọmọ mi ṣe figbe ta: “Màmá, ààwẹ̀ ńkọ́?” Omi bọ́ lójú mi. Ọwọ́ tó ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò fún ogún ọdún, ṣé ó máa ń gbàṣẹ ni?

Mo ti fẹ́ bu ẹ̀kọ jẹ, ṣebí ó ti bàjẹ́ náà ni. Àfáà kan tó wá ra ẹ̀kọ ló ní rárá o: ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun, Ọlọ́hun ló fún un jẹ, kí n máa bá ààwẹ̀ mi lọ. Ó ní kí n kúkú jẹ́ kí ọmọ máa tọ́ ọ wò. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Ata ìkòkò kejì níyọ̀ bí omi òkun. Wọ́n rà á tán ṣá.

Onígbàjámọ̀, Kétu:
Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ kú ọjà o. Ẹ̀yin rí oníbàárà. Lọ́dọ̀ tiwa nítòsí Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, tí oṣù yẹn bá ti lé, ẹni tó ní àgbò láti pa kì í gé irun, kì í gé èékánná, títí yóò fi pa á. Èmi á wá jókòó ti abẹ. Wọ́n ń yìn mí ládùúgbò pé mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tó bẹ̀rẹ̀ oṣù náà. Òótọ́ ni mo gbà á, àmọ́ owó oúnjẹ gan-an ni ò sí.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí láti pápá Àráfà, níbi tí àwọn alálàájì ń kóra jọ sí lọ́jọ́ náà, lọ́dún tó lọ Mẹ́kà. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ààwẹ̀.” Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Háà! Èmi tí ètè mi ti gbẹ nílé ńkọ́? Òun ló là mí lóye pé ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn, tàwa ará ilé ni. Wọ́n gbé wàrà fún Ànábì níbẹ̀ lórí ràkúnmí rẹ̀, ó sì mu ún lójú gbogbo èrò. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wàrà àwọn Fúlàní ni mo fi ṣínu.