Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo fóònù Samsung Galaxy S25 Ultra: ṣé ó máa ń gbé àwọ̀ aṣọ jáde bó ṣe rí?

ìyá_aláṣọ_òkè

Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin ará ilé. Aṣọ òkè ni mò ń tà n'Íbàdàn, ọwọ́ àwọn ahunṣọ n'Ísẹ́yìn ni mo ti ń gbà á, púpọ̀ nínú kọ́sítọ́mà mi ló sì wà lókè òkun, London, Houston, àwọn tí ò lè fọwọ́ kan aṣọ kí wọ́n tó sanwó, fọ́tò nìkan ni wọ́n ń rí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi wà. Lóṣù tó kọjá mo fi sányán ránṣẹ́ sí ọmọ kan tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ojúlówó sányán o, èyí tó dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ó ní kì í ṣe aṣọ tóun rí nínú fọ́tò nìyí, pé èyí tóun rí pupa jù báyìí lọ. Inú kọ́kọ́ bí mi. Mo wá wo fọ́tò yẹn padà, àṣé òótọ́ lọmọ ń sọ, fóònù mi ti bá mi pa aṣọ láró!

2019 ni mo ti ń lo fóònù ọwọ́ mi yìí. Mi ò lè bú u, ó níbi tí mò ń ki mẹ́mórì kádì sí, ihò ìyápíìsì ṣì wà lára ẹ̀, àmọ́ bátìrì ẹ̀ ti darúgbó, tí mo bá yọ ọ́ lórí iná báyìí kò ní pé wákàtí mẹ́ta kó tó máa sunkún. Àbúrò mi ọkùnrin ló wá ń pariwo S25 Ultra sí mi létí, ó ní kámẹ́rà ẹ̀ megapixel 200, ó ní titanium ni wọ́n fi ṣe é, ó ní AI. Èmi ò bèèrè titanium lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ṣé àwọ̀ á jáde bó ṣe rí, ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn, àti pé ṣé bátìrì á gbé mi dalẹ́. Owó àjọ ló wà lọ́wọ́ mi, tí mo bá fi rà á tán tí kò ṣiṣẹ́, ọdún yìí ti bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò ó lẹ bá mi dáhùn o, kì í ṣe ẹ̀yin tẹ́ ẹ wò ó lórí YouTube.

aláró_Ìtòkú

Àǹtí mi, ẹ kú ọjà, ajé á wọgbá o. Àdìrẹ lèmi ń tà ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, mo sì ti ń lo fóònù yẹn bí oṣù mẹ́rin báyìí, 256GB, dúdú. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lọ́wọ́ mi.

Ó tóbi o. Síkírìnì ẹ̀ íǹṣì 6.9, ó wúwo tó gíráàmù 218, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé fóònù 2019 ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ìka kékeré ń ro mí torí òun ni mo fi ń gba ìdí ẹ̀ mú. Àmọ́ ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ẹ̀, tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún mi kí n tó rà á, gíláàsì iwájú ẹ̀ ni, Gorilla Armor 2 ni wọ́n ń pè é, kì í dán bíi dígí lójú oòrùn. Ìta gbangba ni ìsọ̀ mi wà, ẹ mọ oòrùn Ẹ̀gbá, ní ọ̀sán gangan mo ń ka mẹ́séèjì mi láìfọwọ́ ṣíji bò ó. Ẹ má wá lọ lẹ gáàdì olówó pọ́ọ́kú mọ́ ọn lójú o, tẹ́ ẹ bá ti lẹ̀ ẹ́ báyìí dídán ti padà dé nìyẹn, owó gíláàsì ti wọgbó.

Ó dáa, kámẹ́rà. Mẹ́rin ló wà lẹ́yìn. Èyí tí wọ́n ń pariwo pé ó jẹ́ 200 yẹn, tẹ́ ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ megapixel 12 ni fọ́tò tó máa fún yín, ṣe ló ń kó púpọ̀ nínú àwọn ojú kéékèèké tó ń gba ìmọ́lẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan kó lè mọ́lẹ̀ dáadáa, àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín yí i sí 200. Mo máa ń yí i tí mo bá fẹ́ kí kọ́sítọ́mà rí ojú òwú. Àmọ́ fọ́tò yẹn wúwo, WhatsApp á sì fún un pọ̀ mọ́ ara wọn kó tó dé London, nítorí náà ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, kì í ṣe bíi fọ́tò. Fún odindi aṣọ, ẹ dúró sẹ́yìn kẹ́ ẹ lo zoom ìlọ́po 3, ìlà aṣọ òkè yín á dúró gbọnrangandan, kò ní tẹ̀ létí. Tẹ́ ẹ bá sún mọ́ aṣọ jù, fóònù á fúnra ẹ̀ sáré lọ sórí kámẹ́rà kejì, èyí tó fẹ̀, tó ń gba ibi púpọ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan, ẹ ò ní mọ̀, etí aṣọ á kàn wọ́.

Àwọ̀ wá nìyẹn. Àǹtí, mi ò ní parọ́ fún yín, gbogbo fóònù òde òní ló máa ń se fọ́tò kó tó bù ú fún yín. Ibi tó bá ṣókùnkùn á là á, ibi tó bá mọ́lẹ̀ á bù ú kù. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ mi tí mo rẹ sínú aró títí tó fi dúdú bí òru, fóònù á gbé e jáde bíi yunifọ́ọ̀mù ọmọ sùkúù. Fóònù tuntun yìí náà ń ṣe é, kò burú tó ti tẹ́lẹ̀ ni. Ohun tó yanjú ẹ̀ fún mi ni pé mo wọ ibi tí wọ́n kọ Pro sí nínú kámẹ́rà, mo lọ sí WB (white balance, ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ìmọ́lẹ̀ tó wà fún kámẹ́rà), mo fi í sí bíi 5,500, mo sì fi í síbẹ̀, kò sáyè kó máa dá àwọ̀ rò fúnra ẹ̀ mọ́. Ojú mọmọ ni mo sì ń ya fọ́tò o, bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, lábẹ́ òjìji, pẹ̀lú pépà funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ, tí pépà yẹn bá ti funfun nínú fọ́tò, aṣọ náà ń sọ òótọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ bi yín, sányán ọjọ́ yẹn, ṣé kì í ṣe inú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ gílóòbù pupa lẹ ti yà á? Ohun kan tún kù, síkírìnì fóònù náà ń bẹ́wà sí nǹkan, ẹ lọ sí sẹ́tìnsì kẹ́ ẹ yí i kúrò ní Vivid sí Natural, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀yin gan-an ò ní mọ ohun tẹ́ ẹ ń fi ránṣẹ́.

Bátìrì 5,000mAh ni. Mo ń yọ ọ́ lórí iná laago mẹ́fà àárọ̀, ó ń bá mi dé mẹ́wàá alẹ́ tí n ò bá ya fídíò púpọ̀. Lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège tó ń wá 5G kiri bí ewúrẹ́ tó sọnù, kì í dé aago méje, mo ti pa 5G sí 4G ní tèmi. Kò sí ṣájà nínú páálí o, wáyà lásán ni, ẹ ra èyí tó jẹ́ 45W sọ́tọ̀.

AI yẹn, ó máa ń túmọ̀ ìpè lójú ẹsẹ̀, mo fi ń bá kọ́sítọ́mà mi kan ní Cotonou tó ń sọ Faransé dúnàádúrà, ó gbádùn mọ́ mi. Yorùbá ò sí lára àwọn èdè tó ń túmọ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Èyí tó ń pa nǹkan rẹ́ nínú fọ́tò náà wà. Ewúrẹ́ kan kọjá níwájú aṣọ mi lọ́jọ́ kan, mo ní kó yọ ọ́, ó yọ ọ́ lóòótọ́, ló bá ya àdìrẹ tuntun tẹ́nikẹ́ni ò pa láró rí sójú ibẹ̀. Ẹ má lò ó lórí aṣọ títà láé.

fóònù_Ìkẹjà

Ẹ kú iṣẹ́ o àǹtí aláró, ẹ ti sọ ọ́ tán. Èmi ń ta fóònù, kí n fi tèmi kún un, ìyá aláṣọ òkè ẹ fara balẹ̀ gbọ́ torí owó àjọ ni.

Fún iṣẹ́ yín, S24 Ultra tó jáde lọ́dún 2024 á ṣe é. Ìdí ni pé nínú kámẹ́rà mẹ́rin ẹ̀yìn yẹn, èyí tó fẹ̀ ló yí padà gbòógì, megapixel 12 ló jẹ́ tẹ́lẹ̀ tó wá di 50. Èyí tó jẹ́ 200, zoom 3, zoom 5, iye megapixel kan náà ló wà lára S24 Ultra àti S25 Ultra, àwọn yẹn lẹ ó sì máa fi ya aṣọ. Bátìrì náà 5,000 ni. Ọdún méje ni wọ́n ṣèlérí update fún àwọn méjèèjì, ọdún kan péré ni S24 fi máa kọ́kọ́ parí. Kò síbi tẹ́ ẹ máa ki mẹ́mórì kádì sí lára èyíkéyìí o, láti S21 ni wọ́n ti yọ ọ́ kúrò, nítorí náà tí fọ́tò bá pọ̀ lọ́wọ́ yín ẹ ra oní 512GB.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, èyí tó ti Amẹ́ríkà wá ojú ihò sím kan ló ní, ìkejì eSIM ni, ìyẹn sím tó ti wà nínú fóònù tí wọn kì í ki bọ̀ ọ́, tẹ́ ẹ bá ń lo sím méjì ẹ rò ó dáadáa. Ẹ tẹ *#06# níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù (IMEI) tó bá jáde wé ti inú sẹ́tìnsì àti ti páálí. Ẹ ki sím yín sí i kẹ́ ẹ fi pe ìpè níbẹ̀, nítorí àwọn kan wà tí kọ́ńpínì tó ta á lókè òkun ṣì tì pa, torí gbèsè ọrùn ẹni tó kọ́kọ́ rà á. Ẹ ní kí wọ́n nù ún mọ́ tónítóní kí ẹ sì fi í-meèlì tiyín wọlé kẹ́ ẹ tó kówó sílẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ tètè sanwó torí ẹlòmíì ń bọ̀ wá rà á, ẹ jẹ́ kẹ́lòmíì yẹn máa gbé e lọ.

bàbá_ìbejì

Ẹ má bínú o ìyá wa, gbogbo nǹkan tí àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi sọ yìí, ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń sọ ní kúlẹ̀kúlẹ̀, kì í ṣe fóònù. Dọ́là 1,299 ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde, ẹ ṣírò ẹ̀ sí náírà kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá oorun á kùn yín. Ẹ ra iná funfun tí àwọn oníkámẹ́rà ń lò, ẹ pààrọ̀ bátìrì fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ fi èyí tó kù ra òwú.

aláró_Ìtòkú

@bàbá_ìbejì ọ̀rọ̀ yín dáa sà, àmọ́ fóònù 2019 ò rí update gbà mọ́, orí fóònù yẹn náà sì ni ápù báǹkì tí ìyá ń fi gbowó wà. Ẹ jẹ́ ká rò ó síbẹ̀ náà.

ọmọ_Peckham

Èmi wà lára àwọn tó ń ra aṣọ láti London níbí, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Àwa náà ń jẹ̀bi. Alẹ́ la máa ń wo fọ́tò yín, lẹ́yìn iṣẹ́, lórí bẹ́ẹ̀dì, fóònù wa á sì ti yí síkírìnì sí pupa rẹ́súrẹ́sú kí ojú má baà ta wá, bẹ́ẹ̀ aṣọ funfun gan-an á dà bíi sányán. Ẹ sọ fún kọ́sítọ́mà yín kí wọ́n pa ìyẹn kí wọ́n tó yan àwọ̀. Ohun tó máa ń jẹ́ kémi sanwó ni fídíò, kẹ́ ẹ gbé aṣọ jáde síta kẹ́ ẹ máa fọwọ́ yí i, kí n rí awọ ọwọ́ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Awọ èèyàn mo mọ̀ ọ́n, tí awọ bá ti rí bó ṣe yẹ, mo gba aṣọ gbọ́. Àti pé ẹ má ní kí wọ́n bá yín rà á bọ̀ láti ibí o, pọ́n-ùn 1,249 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á níbí, kò dínwó.

ìyá_aláṣọ_òkè

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, Olúwa á bù sí i fún yín. Aláró, ẹ mú mi, abẹ́ gílóòbù pupa ni lóòótọ́! Láàárọ̀ yìí mo gbé sányán tó ṣẹ́ kù lọ sábẹ́ igi máńgòrò, mo fi pépà funfun tì í, mo yà á pẹ̀lú fóònù àgbà yìí náà. Kò tíì pé, àmọ́ ó ti kúrò ní pupa. Mo tún yọ àlàárì wá, ìyẹn ṣì ń jó bí iná nínú fọ́tò, ojú òwú ẹ̀ ò hàn rárá, ó kàn ń pọ́n ṣáá ni, nítorí náà bàbá ìbejì ẹ má bínú, mo ṣì máa ra fóònù. Kì í ṣe S25.

Fóònù Ìkẹjà, S24 Ultra 512, tòkunbọ̀ oníhò sím méjì, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ máa gbà, kẹ́ ẹ sì rántí pé ìyá yín ni mo jẹ́ o. Ẹ tètè fèsì, bátìrì ku mẹ́rin.