Ọmọ kíláàsì mi bi mí ní ìdí "window". Ẹ wá sọ ìrírí tiyín náà

Tísà Òkè-Fìà:

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ ní Òṣogbo níbí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, orúkọ àwọn nǹkan inú ilé la ń kọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bí mo ṣe kọ window sójú bọ́ọ̀dù, ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, wind ni afẹ́fẹ́. Kí wá ni ow?" Mo ní kó jókòó, pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, kó ṣáà há a sórí. Ó jókòó. Kò nawọ́ mọ́ títí a fi ṣíwọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ta ni kò mọ̀ nílùú wa yìí pé orúkọ a máa nídìí? Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé Àtáọ́ja ni "a-tẹ́wọ́-gba-ẹja", nítorí ẹja iránṣẹ́ Ọ̀ṣun tí ọba Láròóyè tẹ́wọ́ gbà létí odò. À ń tú orúkọ ọba wa palẹ̀ fún ọmọ, kí ló dé tí mo fi ṣe bí ẹni pé ti Gẹ̀ẹ́sì kò nídìí?

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo wá a lórí fóònù. Àwọn Viking ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Nọ́wè àti Dẹ́ńmáàkì tó ń fi ọkọ̀ ojú omi kógun wá síbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 793, tí ọ̀pọ̀ wọn sì wá fìdí kalẹ̀. Vindauga ni wọ́n ń pè é. Vindr ni afẹ́fẹ́, auga ni ojú. Ojú afẹ́fẹ́! Ihò lásán ni nígbà náà, kò sí gíláàsì níbẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti ní orúkọ tiwọn tẹ́lẹ̀, eagþyrel, ìyẹn ihò ojú. Ti àlejò ló wá borí ti onílé.

Ilé ìdáná ìyá mi àgbà ló sọ sí mi lọ́kàn. Ihò kan wà lókè àdògán, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, èéfín ti kùn ún dúdú yípo. Bí òwúrọ̀ bá mọ́, ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ wọlé tààrà, a ó máa rí èéfín nínú rẹ̀ bó ṣe ń rọra jáde.

Ní Sátidé mo lọ kí bàbá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kápẹ́ńtà ni wọ́n. Wọ́n ń wọn férémù kan lọ́wọ́, wọ́n ní, "Ojú fèrèsé yìí ti kéré jù." Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, ọjọ́ yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ "ojú" tó wà níbẹ̀. Mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n yọ pẹ́ńsù etí wọn, wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé, "Ṣé àwọn òyìnbó náà rí i pé ojú ni?"

Aládìrẹ Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Tísà. Ìyá ọkọ mi ò pe orúkọ bàbá ọkọ mi rí títí wọ́n fi lọ. "Baálé mi" ni wọ́n ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ kan tí a ń sá aṣọ, ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ní ọ̀dọ̀ àwọn Viking kan náà ni husband ti wá. Húsbóndi: hús ni ilé, bóndi sì ni ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó ń ṣe àkóso rẹ̀. Olórí ilé ni, ó níyàwó o, kò níyàwó o. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló tó di orúkọ ọkọ. Ṣé ẹ rí i pé iṣẹ́ àgbẹ̀ náà ṣì ń jẹ́ husbandry? Mo di aṣọ tútù mú síbẹ̀, aró ń kán sí mi lẹ́sẹ̀, mi ò mọ̀. Baálé gan-an ni!

Tísà Òkè-Fìà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, mà. Èyí wọ̀ mí lára gan-an, màá kọ́ wọn ní ti baálé náà.

Lọ́jọ́ Ajé mo pe ọmọ yẹn síwájú, mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo kíláàsì, mo wá fún un ní ṣọ́ọ̀kì kó fúnra rẹ̀ kọ vindauga sójú bọ́ọ̀dù. Ó kọ ọ́, ó fa ilà sí àárín, ó kọ "afẹ́fẹ́" sábẹ́ apá kan, ó kọ "ojú" sábẹ́ ìkejì. Kò tíì dé ìjókòó rẹ̀ tó fi yíjú padà. "Àǹtí, door ńkọ́?"

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ wò ó, pé ọ̀la ni màá dá a lóhùn.