Fọ́tò Stearman tí mo fẹ́ gbé kọ́ pálọ̀: ó ti yanjú o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ni mo béèrè níjọ́sí pé kí ló dé tí fọ́tò PT-17 Stearman mi (báàlù àtijọ́ tó ní apá lókè àti nísàlẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di awakọ̀ òfuurufú) ò fi hàn dáadáa tí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ tóbi. Ẹni tó ní kí n padà sí orí ìkànnì Library of Congress, ilé ìkàwé ńlá ìjọba Amẹ́ríkà, kí n mú TIFF (fáìlì fọ́tò ńlá tó kún) dípò JPEG kékeré yẹn, tiyín ló ṣiṣẹ́! Mo tẹ̀ ẹ́ ní ínǹṣì 16 sí 20, 300 dpi (ìyẹn àmì tóótòòtó 300 nínú ínǹṣì kan), gbogbo wáyà tó so apá òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀ ló hàn kedere, títí kan ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó lẹ́yìn. Irú báàlù yìí ni wọ́n fi kọ́kọ́ kọ́ àwọn Tuskegee Airmen, àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ di awakọ̀ òfuurufú nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ní pápá báàlù Moton Field ní Alabama, ìdí tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ nìyẹn, orí mi ń wú tí mo bá ń wò ó.

Pépà tí kì í dán ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ gíláàsì fíréèmù ṣì ń dán sójú lọ́sàn-án, àfìgbà tí mo gbé e kúrò níwájú wíńdò. Ó ku ti kíkun fọ́tò náà ní búlúù àti yẹ́lò, mi ò tíì ṣèyẹn, dúdú òun funfun ẹ̀ ṣì wù mí. Ẹ ṣé gan-an.