Ààrò písà mi ti sán, ẹ gbà mí o, ará Ògbómọ̀ṣọ́

Ìyá Àánú:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Láti Sátidé ni oorun ti dá lójú mi. Jórinjórin kan ló bá mi jó tírélà kékeré, irú èyí tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ lé tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn. Orí ẹ̀ la mọ ààrò písà sí. Ojú mi rí nǹkan lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló dá, oṣù méjì ààbọ̀ ló lò. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbowó táyà. Pupa ni mo ní kó kùn ún, àwọ̀ ọsàn ló kùn ún, ó ní pupa ti tán lọ́jà. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ bímọ, èmi ni mo gbé mílíìkì lọ! Ìyá ọkọ mi tún ń sọ ọ́ kiri pé mo fiṣẹ́ tíṣà sílẹ̀ torí búrẹ́dì pẹlẹbẹ.

Ní báyìí, ààrò ti sán láti ẹnu dé orí. Ìka mi ń wọ ibẹ̀, èéfín ń gba ibẹ̀ jáde. Písà tí mo kọ́kọ́ sè, òkè ẹ̀ jóná, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń fà bí ẹ̀kọ. Àdúgbò Under G ni mo ní lọ́kàn, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH lè máa rà á. Ṣé kí n mú jórinjórin yìí lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, àbí kí n kúkú ta tírélà náà fún àwọn onírin?

Alákàrà Tákíè:
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Má mú ẹnikẹ́ni lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ àkàrà, ààrò àgbá tí wọ́n jó fún mi, ọjọ́ kejì ni ìdí ẹ̀ já, epo gbígbóná sì dà sílẹ̀ ṣùà. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kó dà lé ọmọ tó wà lẹ́yìn mi. Ọmọ yẹn ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn báyìí.

Bọ̀dá Bẹ́kírì:
Jórinjórin kì í mọ ààrò. Ta ló mọ ọ́n? Kí lẹ fi mọ ọ́n?

Bàbá Tíṣà:
Ìwọ ọmọ yìí, ta ní kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o tó dán òwò wò? O ò bá máa ṣe é ní ìparí ọ̀sẹ̀ ná.

Ìyá Àánú:
Bàbá, owó oṣù yẹn ò tó wọkọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Bọ̀dá, bíríkìlà ló mọ ọ́n. Ṣùgbọ́n irin tí jórinjórin fi ṣe ìdí ẹ̀ fẹ́lẹ́.

Àdùkẹ́ Oníwàrà:
Àǹtí, ẹ fi wàrà wa ṣe é. Wàràkàṣì òyìnbó tí ẹ ń rà wọ́n, kò sì síná tí ẹ máa fi tọ́jú ẹ̀.

Síísì Kéèkì:
Àdùkẹ́, wàrà kì í yọ́. Ẹ dín in lánàá, ṣé ó yọ́? Písà fẹ́ èyí tó máa fà.

Àdùkẹ́ Oníwàrà:
Ṣé dandan ni kó fà ni? Ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ fi ata sí i, àwọn ọmọ ilé ìwé á jẹ ẹ́.

Bọ̀dá Bẹ́kírì:
Ẹ jẹ́ ká gbọ́ tẹnu Ìyá Àánú ná. Sìmẹ́ńtì ni, àbí amọ̀? Ọjọ́ wo lẹ parí ẹ̀, ọjọ́ wo lẹ dáná sí i?

Ìyá Àánú:
Sìmẹ́ńtì àti yanrìn ni. Ọjọ́bọ̀ ló parí, Sátidé ni mo dáná. Igi ayìn ni mo kó kún inú ẹ̀. Wọ́n ti sanwó písà 30 fún mi, ti ìkómọ, mo sì ti ná an. Kí n má purọ́, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, ni bíríkìlà náà. Ó ní kí n dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí n máa dáná kékeré sí i. Mi ò gbọ́. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi ṣe é, oṣù yìí ni mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà.

Bàbá Tíṣà:
Háà! O wá fẹ́ mú ọmọ ọlọ́mọ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?

Alákàrà Tákíè:
Bàbá, ẹ rọra. Ó ti jẹ́wọ́.

Bọ̀dá Bẹ́kírì:
Ẹ ṣeun tí ẹ sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Omi ṣì wà nínú ara ààrò. Iná ńlá sọ omi di ooru, ooru ń wá ọ̀nà jáde, ló bá là á. Sìmẹ́ńtì pàápàá kì í gba iná. Ààrò písà máa ń gbóná kọjá 400 dígírì, sìmẹ́ńtì á ti máa sán, agbára ẹ̀ á ti máa dín kù kó tó débẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ tí kò jinná, mo fura pé orí irin lásán lẹ to bíríkì lé, irin sì ń gbé ooru lọ. Tiwa ní bẹ́kírì, àfọ́kù ìgò àti iyọ̀ ló wà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ wó òrùlé ààrò nìkan, tírélà ò ṣe nǹkan kan. Ẹ fi erùpẹ̀ ògán àti amọ̀ ìkòkò tún un mọ, kí ó gbẹ dáadáa. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìṣẹ́pẹ́ igi dáná díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi ayìn sí i. Mọ́tò wo ló máa ń fà á?

Ìyá Àánú:
Mi ò tíì ní mọ́tò. Mo ní kí n máa háyà.

Síísì Kéèkì:
Ẹ jẹ́ kó dúró sójú kan ná, àǹtí mi. Owó háyà á jẹ èrè tán.

Bọ̀dá Bẹ́kírì:
Ti písà 30 yẹn, ẹ gbé ìyẹ̀fun yín wá sí bẹ́kírì wa bí búrẹ́dì alẹ́ bá ti jáde. Ààrò ṣì máa ń gbóná dáadáa nígbà yẹn. Igi nìkan lẹ máa rà.

Ìyá Àánú:
Omi ń bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Mo ti pe àbúrò mi, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní òun á wá lọ́la. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí amọ̀ ìkòkò láàárọ̀?

Alákàrà Tákíè:
Wá bá mi ní ìsọ̀ kí n tó kó àkàrà kúrò lórí iná. Ẹ̀gbọ́n mi ń mọ ìkòkò. Mú àpò méjì dání.