Dátà di ohùn ní kíláàsì: kí ló máa ń bà á jẹ́ lọ́wọ́ yín?

Tíṣà Ìṣirò: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dátà gáàsì kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì inú afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń wọ̀n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, dára fún kíláàsì ìṣirò, jọ́gíráfì àti orin pọ̀. Láti oṣù kẹta 1958 ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n: nǹkan bí 315 nínú mílíọ̀nù kan nígbà náà, ó ti lé ní 420 báyìí. Iye oṣù kọ̀ọ̀kan la fẹ́ sọ di ohùn orin kan: bí iye bá ṣe ga tó, ni ohùn á ṣe ga tó, nínú ọ́kítéèfù méjì ti pentatonic (ohùn márùn-ún péré nínú ọ́kítéèfù kan). Bí oṣù kan bá gba ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá, ọdún 65 á parí ní ìṣẹ́jú àáyá 78. Níbo ló ti máa ń dàrú?

Adédátà: -99.99.

Tíṣà Ìṣirò: Ẹ là á yé wa, ẹ jọ̀ọ́.

Adédátà: Oṣù tí wọn ò rí wọ̀n, iye yẹn ni Scripps, ilé ìwádìí tó ń tọ́jú dátà náà, ń kọ síbẹ̀. Bí ẹ ò bá yọ ọ́, òun ni kọ̀ǹpútà á mú bí èyí tó kéré jù. Gbogbo dátà tòótọ́ á wá kóra jọ sókè, ẹ ó sì pàdánù púpọ̀ nínú ọ́kítéèfù méjì tí ẹ là sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kó dákẹ́ níbẹ̀.

Olórin: Ẹ ṣọ́ra fún pentatonic náà. Ọ́kítéèfù méjì rẹ̀ ò ní ju ìgbésẹ̀ 10 lọ, ìgbésẹ̀ kan á sì gba bíi 10 nínú iye. Bẹ́ẹ̀, bíi 6 péré ló ń jábọ́ láti oṣù karùn-ún sí ìkẹsàn-án, nígbà tí ewé ìhà àríwá ayé ń fa gáàsì náà mu. Nígbà mìíràn, ẹ ò ní gbọ́ ọ rárá. Ẹ lo désímà: Sonic Pi, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ kóòdù lu orin, ń gba `play 60.5`, ìyẹn àárín ohùn nọ́ńbà 60 àti 61.

Màmá Jọ́gíráfì: Ọmọ ò ní tẹ́tí sí ohùn tí kò dùn.

Olórin: Ẹ fi pentatonic lu ìpíndọ́gba ọdún, Mà, kẹ́ ẹ fi désímà lu oṣù lórí rẹ̀.

Onílù: Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ohùn nọ́ńbà 48. Ó rẹlẹ̀ jù (Hz 131 ni), sípíkà fóònù ò gbé e dáadáa. 60 sí 84 ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ kọ́kọ́ lu ohùn tó rẹlẹ̀ jù àti èyí tó ga jù, kí etí mọ ààlà.

Tíṣà Yorùbá: Etí àwọn ọmọ wa ń wá ọ̀rọ̀ nínú ohùn. Dò-mí jáde, ọ̀kan á ní "bàbá" ni, èkejì á ní "bàtá". Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé iye ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Onílù: Mi ò gbà! Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n á fi rántí rẹ̀.

Tíṣà Yorùbá: Wọ́n á rántí "bàbá", wọn ò ní rántí pé ó ń ga sí i.

Adédátà: Ẹ fún wọn ní bébà kí wọ́n ya ìlà bí wọ́n ṣe ń gbọ́, kẹ́ ẹ tó fi gíráàfù hàn wọ́n.